Àgádágodo Ilé Àkọ́dá

Ilẹ̀kùn la tì, a kò ti ẹnu ikán. Bí ẹnìkan bá pa òwe yìí láwùjọ, gbogbo orí ni yóò máa mì, bí ẹni pé ó yé wọn dé gbòǹgbò. Ẹ wá bi ẹni tí orí rẹ̀ mì jù nínú wọn pé ta ló ti ilẹ̀kùn, ilé ta ni wọ́n tì, kí ló sì gbé ikán débẹ̀. Ẹ ó rí i pé yóò wúkọ́, yóò sì béèrè omi. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Òwe dà bí ọ̀bẹ ìdáná: gbogbo wa la ń fi gé nǹkan, kò sẹ́ni tó ń béèrè alágbẹ̀dẹ tó rọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí wọ́n ti rọ eléyìí fún yín. Ìlú Òkè-Ayùn ni, orí olóyè kan ni wọ́n sì gbé e lé nígbà tí wọ́n ń lù ú.

Ilé kan wà ní Òkè-Ayùn tí wọ́n ń pè ní Ilé Àkọ́dá. Lárìnká, ẹni tó tẹ ìlú náà dó, ló kọ́ ọ nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ fún un pé àwọn kò rìn mọ́. Àwọn ọba tó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ kọ́ ààfin tó tóbi jù ú lọ, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó lè pe ara rẹ̀ ní ọba láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ wọ Ilé Àkọ́dá, kí ó fẹ̀yìn ti òpó àárín, kí ó sì jẹ iṣu tí a sun lórí ààrò Lárìnká. Ilé alámọ̀ ni, bẹẹrẹ ni wọ́n fi bo òrùlé rẹ̀, òpó mẹ́jọ ló dúró yí akódì rẹ̀ ká. Ohun tó dára jù níbẹ̀ ni ògiri akódì náà. Àwọn obìnrin agbo ilé Akunlé ló máa ń kùn ún, wọ́n sì ya ipa ẹsẹ̀ méjìlélógún sí i, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ibi tí Lárìnká ti sinmi kí ó tó dé Òkè-Ayùn. Ẹfun, ilẹ̀ pupa àti èédú ni ohun èlò wọn, ìyẹ́ adìẹ sì ni gègé wọn. Òjò ọdún kọ̀ọ̀kan a fọ díẹ̀ lọ, ọwọ́ ọdún kọ̀ọ̀kan a dá a padà. Kò sí ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí. Ara ògiri ló wà, àti ọwọ́ àwọn obìnrin náà.

Bí ọba bá wàjà, wọ́n máa ń ti Ilé Àkọ́dá títí ọba tuntun yóò fi dé. Títì náà kò le. Màrìwò ni wọ́n ń ta sí ẹnu ọ̀nà. Àlejò tó bá rí màrìwò á mọ̀ pé kí òun yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ṣùgbọ́n màrìwò kò bá àwọn tó ń tọ́jú ilé wí. Àwọn obìnrin Akunlé á tẹrí ba, wọ́n á gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, wọ́n á gbálẹ̀, wọ́n á rẹ́ ilẹ̀, wọ́n á dáná sí ààrò kí èéfín lè gun òrùlé. Ẹni tó bá mọ bẹẹrẹ mọ̀ pé èéfín loúnjẹ rẹ̀. Òrùlé tí èéfín kò bá kàn fún ìgbà pípẹ́, kòkòrò á sọ ọ́ di ìyẹ̀fun.

Bẹ́ẹ̀ ni nǹkan ṣe ń lọ títí Bángbélú fi jẹ oyè Aṣọ́lé, èyí tí í ṣe oyè olùṣọ́ Ilé Àkọ́dá. Bángbélú kì í ṣe ènìyàn burúkú. Kì í jalè, kì í purọ́ ju bó ti yẹ olóyè lọ, iṣu rẹ̀ sì ni ó ń ta jù ní gbogbo Òkè-Ayùn. Àìsàn kan ṣoṣo ló ń ṣe é: bí kò bá sí ẹni tó ń wò ó, kì í dá a lójú pé òun wà. Ó ti bá àwọn alárù lọ sí etíkun rí, ibẹ̀ ló sì ti ra àgádágodo kan tó tó ìjàpá àgbà, tó ń kọ mànà bí ojú ẹja. Irú rẹ̀ kò tíì wọ ìlú náà rí. Ọdún méjì gbáko ni àgádágodo yìí fi wà nínú àpótí láìrí nǹkan tó tóbi tó láti tì. Nígbà tí ọba wá wàjà, gbogbo ìlú ń ṣọ̀fọ̀, Bángbélú náà ń ṣọ̀fọ̀, àmọ́ ojú àpótí ló ń wò.

Ilẹ̀kùn ìrókò tí Lárìnká fi sẹ́nu ọ̀nà kọ àgádágodo náà. Gbogbo ìṣó tí wọ́n kàn mọ́ ọn ló ń wọ́. Bángbélú ní kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n gbé e ti ògiri nínú akódì, kí wọ́n sì fi pákó àràbà kan ilẹ̀kùn tuntun. Gbẹ́nàgbẹ́nà sọ fún un pé igi àràbà rọ̀, pé bí àkàrà ló ṣe rí lẹ́nu ikán. Bángbélú ní kí ó kùn ún lọ́dà pupa. Wọ́n kùn ún, wọ́n fi irin méjì kàn án, wọ́n fi àgádágodo kọ́ ọ, ó sì dún kọ̀ọ́. Olóyè wá bá ìlú sọ̀rọ̀. Ó ní màrìwò ni wọ́n fi ń ti ilé láyé àtijọ́, ewúrẹ́ sì ń jẹ màrìwò. Ó ní láti òní lọ, títì ti di títì. Ìlú pàtẹ́wọ́, nítorí àgádágodo náà dára lóòótọ́.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, Àwẹ̀ró dé. Òun ni Ìyá Akunlé, olórí àwọn obìnrin tó ń tọ́jú ilé náà. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó sì tín-ín-rín bí ìgbálẹ̀ tó gbé dání. Fàdèrera, ìyàwó ọmọ rẹ̀, ru igbá ẹfun tẹ̀lé e. Wọ́n bá Bángbélú lórí àga, ó fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, agboòrùn wà lórí rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Ìyá Akunlé, a ti ti ilé," ni Bángbélú wí.

"Mo rí i, Aṣọ́lé. Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ bá wa ṣí i ká gbálẹ̀."

"Bí mo bá ṣí i, ṣé ó tún tì ni?"

"Ilẹ̀kùn lẹ tì," ni Àwẹ̀ró wí, "ẹ ò ti ẹnu ikán."

Ó pa Bángbélú lẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ gbá àgádágodo náà bí ẹni tó ń gbá ẹṣin lẹ́yìn. "Ikán tó bá fẹ́ wọ ibí, kó kọ́kọ́ wá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi."

Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Bí àwọn ènìyàn bá sì ti bá Bángbélú rẹ́rìn-ín, kì í mọ ibi tí òun yóò dúró. Ó wá kéde níwájú wọn pé obìnrin Akunlé tó bá gba ẹnu ọ̀nà yìí wọlé kí ọjọ́ ìṣílé tó pé, oyè kúrò ní agbo ilé wọn nìyẹn, ọwọ́ wọn kò sì gbọdọ̀ kan ògiri náà mọ́ láéláé.

Àwẹ̀ró kí i pé ó kú ìjókòó, ó sì yí padà sílé. Oyè kọ́ ló ń dùn ún jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti orí ìyá ìyá rẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹ ẹ́ bọ̀. Oṣù mẹ́ta ni títì máa ń gbà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ilé ọmọ ọba mẹ́ta ló ń du oyè lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n sì kórìíra ara wọn débi pé wọn kò lè fohùn ṣọ̀kan lórí bóyá òjò ń rọ̀. Nínú ipa ẹsẹ̀ méjìlélógún tó wà lára ògiri, Fàdèrera tó mọ̀ jù nínú àwọn ìyàwó ilé mọ mẹ́sàn-án. Ojú Àwẹ̀ró fúnra rẹ̀ sì ti ń ṣe bàìbàì. Bí ògiri bá fọ̀ tán kí ọwọ́ Fàdèrera tó mọ̀ ọ́n, ọ̀nà tí Lárìnká gbà wá kò ní sí níbì kankan mọ́.

Òjò ló bá wọn dá sí ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí àkọ́rọ̀ rọ̀, ìgànná ẹ̀yìn Ilé Àkọ́dá wó, ó fi àyè tí ènìyàn kan lè gbà sílẹ̀, inú oko kókò tó wà ní ẹ̀yìnkùlé Àwẹ̀ró ló sì wó sí. Ó yẹ kí ó lọ sọ fún Aṣọ́lé. Ó tilẹ̀ mú ìborùn pé òun ń lọ. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró, ó ronú, ó sì yọ ìborùn. Ó sọ fún Fàdèrera pé ẹnu ọ̀nà iwájú ni olóyè fi òfin dè, òun kò gbọ́ kí ó dárúkọ ẹ̀yìn.

Wọ́n wọlé. Oṣù mẹ́rin péré ni wọ́n tíì fi ti ilé náà. Omi ń kán láti òrùlé sórí ààrò. Ikán ti fi amọ̀ lànà gun òpó méjì, ipa ẹsẹ̀ márùn-ún sì ti ṣàn lọ bí ẹ̀kọ. Fàdèrera bú sẹ́kún. Àwẹ̀ró kò sunkún, ó ká etí ìró rẹ̀ sókè, ó sì béèrè ìgbálẹ̀.

Láti ìgbà náà, ní gbogbo ọjọ́ ọjà, obìnrin mẹ́rin a gba àárín kókò wọ Ilé Àkọ́dá. Wọ́n ha ilé ikán kúrò lára òpó, wọ́n da omi gbígbóná sí ojú ihò wọn, wọ́n fi àdí pa àwọn igi náà títí kan ilẹ̀kùn ìrókò àtijọ́ tí wọ́n gbé ti ògiri. Wọ́n ki bẹẹrẹ tuntun bọ ibi tó ń jò. Bí wọ́n bá ń jáde, wọ́n á to igi ìdáná dí ojú àlàfo náà. Ẹni tó bá rin yí ilé náà po lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ìbá rí i. Aṣọ́lé kò rin yí i po. Ẹ̀yìn ilé kò ní ẹni tó ń kọjá kí ni, kò sì sí ohun tó ń dán níbẹ̀.

Báyìí ni iṣẹ́ méjì ṣe ń lọ lórí ilé kan ṣoṣo. Níta, Bángbélú ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú nu àgádágodo títí ó fi lè rí ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Nínú, Fàdèrera ń kọ́ ipa ẹsẹ̀ kẹwàá. Wọ́n ń gbọ́ bí olóyè ṣe ń sọ fún àwọn àlejò pé láti ọjọ́ tí òun ti gba iṣẹ́, eṣinṣin pàápàá kò wọ ibẹ̀. Àlejò á ní iṣẹ́ ńlá nìyẹn. Olóyè á ní kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló lè ṣe é. Nínú lọ́hùn-ún, obìnrin mẹ́rin á ki etí ìró bọnu kí ẹ̀rín má baà bọ́.

Iná nìkan ni wọn kò tíì dá, nítorí èéfín kì í gba ẹ̀yìn jáde. Ṣùgbọ́n lóṣù keje, Àwẹ̀ró gbójú sókè, ìyẹ̀fun bẹẹrẹ já bọ́ sí i lójú. Ó mọ̀ pé bí òun kò bá dáná, gbogbo òrùlé yóò bọ́ sílẹ̀ kí ọdún tó yí po. Ó kó igi sí ààrò Lárìnká, ó ṣáná sí i, ó sì gbé iṣu kan lé e, nítorí ó ní ìtìjú ni fún iná ààrò kó máa jó lásán. Èéfín gun òrùlé, ó sì yọ lókè.

Àgbẹ̀ kan tó ń kọjá ló kọ́kọ́ rí i. "Aṣọ́lé," ó ní, "ilé yín ń rú èéfín o."

Bángbélú dìde. Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ làwọn ènìyàn ti pé jọ. Bó bá ṣílẹ̀kùn, gbogbo ẹnu tó ti fọ́n láti oṣù méje bàjẹ́. Bí kò bá ṣí i, tó sì jẹ́ iná lóòótọ́, ilé jó. Ó mú kọ́kọ́rọ́, ó fi í sílẹ̀, ó tún mú un. Nínú, Àwẹ̀ró gbé ìkòkò omi dání, ó dẹtí sí ilẹ̀kùn. Ó mọ̀ pé bí òun bá gbọ́ kí àgádágodo dún, ó parí fún agbo ilé òun nìyẹn. Atẹ́gùn wá fẹ́ díẹ̀. Òórùn dídùn iṣu sísun gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde, ó sì bá olóyè nímú.

Ojú Bángbélú là bí ojú ẹni tí wọ́n mú ìròyìn oyè wá fún. Ó kọjú sí àwọn ènìyàn. "Baba wa Lárìnká ló wálé wá dáná," ó ní. "Ẹni tó bá rí ilé tí wọ́n tì dáadáa, ṣé yóò tún fẹ́ gbé ibòmíràn?"

Kò sí ẹni tó lè bá a jiyàn, nítorí kò sí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́. Ọjọ́ kejì, olóyè ní kí wọ́n gbé àkàbà wá. Ó gùn ún, ó sì ju iṣu mẹ́ta tó dára jù nínú oko rẹ̀ gba orí ìgànná sínú akódì, kí ebi má baà pa Lárìnká. Nígbà tí ọjọ́ ọjà pé, àwọn obìnrin bá iṣu nílẹ̀. Àwẹ̀ró gbé ọ̀kan, ó wò ó yípo, ó tẹ̀ ẹ́ wò.

"Kò burú," ó ní. "Ọmọ náà mọ iṣu."

Ọdún mẹ́ta ni títì náà gbà, iṣu kò sì dẹ́kun fífò wọlé. Àwọn ará ìlú ṣàkíyèsí pé àwọn obìnrin Akunlé ń sanra, wọ́n sì ṣàánú wọn gidigidi. Wọ́n ní ìbànújẹ́ ilé tí wọn kò ráyè wọ̀ ló mú wọn wú.

Ohun kan ṣoṣo ni apá wọn kò ká, ilẹ̀kùn iwájú. Bángbélú kì í kúrò lára rẹ̀. Àwẹ̀ró rí ilẹ̀ pupa ikán tó ń gun pákó àràbà láti inú, ó fi ìkarahun ìgbín ha á lẹ́ẹ̀kan. Níta, àga dún gbì. Bángbélú ti dọ̀bálẹ̀. Ó ní òun gbọ́ baba, kí baba má ṣe yọ ara wọn lẹ́nu, òun wà lórí iṣẹ́. Àwẹ̀ró rọra fẹsẹ̀ fà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò gbà á, ilẹ̀kùn ilé ni lọ́nàkọnà. Ọjọ́ kejì, ó gba iwájú wá bí gbogbo ènìyàn.

"Aṣọ́lé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ara ilẹ̀kùn yín dáadáa. Ikán wà níbẹ̀."

"Ẹ ti ṣe mọ̀, Ìyá? Ẹ ò kúkú wọlé."

Ìbéèrè yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á lẹ́mìí. Ó wo ilẹ̀. "Ẹni tó bá dàgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ó máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀," ó ní.

Bángbélú ní òun ń wo ilẹ̀kùn lójoojúmọ́. Òótọ́ ni, àmọ́ ibi tí àgádágodo wà ló ń wò, ojú ara rẹ̀ ló sì ń rí níbẹ̀. Kí ó lè tu arúgbó nínú, ó ní kí wọ́n tún kun ilẹ̀kùn náà lọ́dà. Kí ọdún mẹ́ta tó pé, ọ̀dà ìgbà mẹ́rin ló wà lára rẹ̀. Igi tó wà lábẹ́ ọ̀dà ni ẹnikẹ́ni kò béèrè.

Nígbẹ̀yìn, ó rẹ àwọn ilé ọmọ ọba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n sì gbà fún Adégbìtẹ́, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí kò bá wọn jà rárá, nítorí oko ló wà ní gbogbo àsìkò ìjà. Wọ́n dá ọjọ́ ìṣílé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, àwọn obìnrin gba ẹ̀yìn wọlé fún ìgbà ìkẹyìn. Fàdèrera kun ipa ẹsẹ̀ kejìlélógún láìbojú wo ìyá ọkọ rẹ̀. Wọ́n dáná, wọ́n gbé iṣu ọba lé e. Ẹ̀rù ń ba àwọn mẹ́ta tó kù, nítorí wọ́n mọ̀ pé bí ilẹ̀kùn bá ṣí, ìlú yóò rí i pé ẹnìkan ti wọlé. Àwẹ̀ró wo ipa ẹsẹ̀ náà láti òkè dé ilẹ̀.

"Ó ti tó," ó ní. "Bí wọ́n bá gba oyè lọ́wọ́ wa lónìí, oyè nìkan ni wọ́n gbà."

Wọ́n gba ẹ̀yìn jáde, wọ́n sì lọ dara pọ̀ mọ́ èrò. Gbogbo Òkè-Ayùn pé síwájú Ilé Àkọ́dá, àwọn ọba ìlú mẹ́ta tó yí wọn ká sì wà níbẹ̀. Bángbélú wọ agbádá funfun. Ọjọ́ mẹ́ta ló ti fi ń dánra wò bí òun yóò ṣe gbé kọ́kọ́rọ́ sókè. Ó gbé e sí ọ̀tún, wọ́n kí i. Ó gbé e sí òsì, wọ́n kí i. Ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ àgádágodo, ó di àgádágodo náà mú ṣinṣin, ó sì yí i.

Àgádágodo kò tíì dáhùn tí ilẹ̀kùn fi dáhùn. Kò wó bí igi ṣe ń wó. Ńṣe ló tú bí èlùbọ́ ṣe ń tú nínú àpò tó ya, fùù, ó sì dà sílẹ̀. Awọ ọ̀dà pupa ń fò kiri bí ìyẹ́ àkùkọ. Ohun tó kù lọ́wọ́ Bángbélú ni àgádágodo, ó ń dán, irin méjèèjì so mọ́ ọn, ó sì tì síbẹ̀. Ìyẹ̀fun ikán bo agbádá, ó bo fìlà, ó bo irùngbọ̀n.

Bí ilẹ̀kùn tí olóyè ń ṣọ́ lójoojúmọ́ bá rí báyìí, kí ni yóò kù nínú ilé? Àwọn àgbà kan ti gbé ọwọ́ lérí. Eruku wá rọra lọ sílẹ̀. Wọ́n rí ilẹ̀ akódì, ó ń dán bí ara ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Wọ́n rí òpó mẹ́jọ, wọ́n dúró ṣánṣán. Wọ́n rí ògiri funfun, ipa ẹsẹ̀ Lárìnká sì tò lórí rẹ̀ láti ìkíní dé ìkejìlélógún. Lórí ààrò, iṣu kan ń rú èéfín.

Ẹ̀mí padà sára Bángbélú. Ó na ọwọ́ tó ní àgádágodo síwájú, ó ní kí ìlú wo ohun tí Lárìnká ṣe nínú ilé tí wọ́n tì dáadáa. Àmọ́ Adégbìtẹ́ ti wọlé. Àgbẹ̀ ni, kì í gba nǹkan gbọ́ láìfọwọ́ kàn án. Ó fi ìka kan ipa ẹsẹ̀ tó kẹ́yìn, ó sì gbé ìka náà sókè. Ó funfun.

"Ẹfun yìí ò tíì gbẹ," ó ní. "Ta ló tọ́jú ilé yìí?"

Àwẹ̀ró jáde láàárín èrò, ó kúnlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì funfun dé ọrùn ọwọ́. "Àwa ni, ọmọ Lárìnká. A ò gba ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀yìn la gbà."

Gbogbo ojú yí padà sí Bángbélú. Òun ló ṣòfin, òun nìkan ló sì lè sọ bóyá ẹ̀yìn wà nínú rẹ̀. Ó wo arúgbó tó wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó wo àgádágodo ọwọ́ rẹ̀, ó sì rí ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀ bó ti máa ń rí i, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà ojú ọ̀hún funfun bí ti egbére.

"Ìyá," ó ní, "iṣu mi ńkọ́?"

"A jẹ ẹ́, Bángbélú ọmọ mi," ni Àwẹ̀ró wí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí láti ọdún mẹ́ta tó pè é lórúkọ. "Gbogbo rẹ̀ la jẹ. Kí oko rẹ máa ta."

Ọ̀kan nínú àwọn ọba àlejò ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ìlú wá gbà á lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí Bángbélú náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rín in débi pé ìyẹ̀fun ikán ń gbọn dànù lára rẹ̀, agbádá sì tún ń padà funfun bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó nu ojú, ó fa Àwẹ̀ró dìde, ó sì gbóhùn sókè kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́:

"Ilẹ̀kùn ni mo tì. N ò ti ẹnu ikán. N ò sì ti ẹnu àwọn obìnrin Akunlé."

Adégbìtẹ́ fẹ̀yìn ti òpó àárín, ó jẹ iṣu rẹ̀, ó sì di ọba. Lọ́sẹ̀ náà gan-an ni wọ́n dá ilẹ̀kùn ìrókò Lárìnká padà sẹ́nu ọ̀nà, ó le bí ọjọ́ tí wọ́n gbẹ́ ẹ. Wọ́n tún ṣe é lófin pé ní gbogbo ọjọ́ ọjà, yálà ilé wà ní ṣíṣí tàbí ní títì, Aṣọ́lé gbọ́dọ̀ rin yí i po lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì mú ìgbálẹ̀ dání. Bángbélú rìn ín títí ó fi dàgbà, ó sì ń gbé ìgbálẹ̀ náà gẹ́gẹ́ bí ọ̀pá àṣẹ. Àgádágodo ńkọ́? Kọ́kọ́rọ́ ti dá sínú rẹ̀, kò ṣí mọ́. Orí ọmọrí ìkòkò ẹfun Fàdèrera ni wọ́n gbé e lé kí adìẹ má baà tú u. Wọ́n ní Bángbélú ṣì máa ń yà lọ fi ọsàn wẹ́wẹ́ nù ún nígbà míràn. Ìwà kì í tán lára ẹni lọ́jọ́ kan.

Ibi tí òwe náà ti wá nìyẹn. Ẹni tó bá rò pé ohun tí òun fi pamọ́ ni òun ti tọ́jú ni àwọn àgbà máa ń pa á fún: ọmọ tó kó ìwé bàbá rẹ̀ sínú àpótí, tó fi ń yangàn pé òun kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, ọkọ tó gbéyàwó tán, tó wá rò pé ó parí, ìlú tó ti ilé àwọn baba ńlá wọn pa, tó gbé pátákó ńlá síwájú rẹ̀, tó sì sùn. Ilẹ̀kùn la tì, a kò ti ẹnu ikán. Bí àgbà kan bá pa á fún yín, ẹ má kàn máa mi orí. Ẹ dìde, ẹ mú ìgbálẹ̀, kí ẹ lọ wo ẹ̀yìn ilé.